Láti Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì sí Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta: Ohun Tí Ọwọ́ Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Gbàgbé

Ìbéèrè: Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gun alùpùpù. Orúnkún mi kò fẹ́ gbé e ró mọ́ tí mo bá dúró, pàápàá tí mo bá gbé èrò. Mo fẹ́ bọ́ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èwo ni kí n mú? Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni, àbí kí n ní kí wọ́n fi táyà méjì sí ẹ̀yìn èyí tí mo ní? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó bá ti mọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì gùn, ti mẹ́ta kò lè ṣòro fún un. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ yín sọ, àmọ́ wọn ò sọ ibi tó ti lè pani. Irú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò gun alùpùpù rí ló máa ń tètè mọ̀ ọ́n gùn ju ẹni tó ti fi ogún ọdún gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ, torí ọwọ́ ti onítọ̀hún kò ní nǹkan kan láti gbàgbé. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó, ìbéèrè kan ló ṣáájú: tó bá dé kọ́ọ̀nà, ṣé ó máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí alùpùpù, àbí ńṣe ló máa ń dúró gbagidi bí ọkọ̀?

Ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí eré bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ẹni tó fẹ́ yà sósì kì í yí hándù sósì. Ọwọ́ òsì ló fi ń ti hándù síwájú díẹ̀. Táyà iwájú á kọjú sọ́tùn-ún fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, alùpùpù á fì sósì, á sì gba òsì lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é tí wọn ò mọ̀. Wọ́n á ní ara ni àwọn fi ń darí ẹ̀. Ẹ wá gbé ọwọ́ kan náà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í fì. Kọ́ọ̀nà òsì dé, ẹ fi ọwọ́ òsì ti hándù síwájú. Táyà kọjú sọ́tùn-ún, kò sì sí ohun tó máa fì, ọ̀tún ló gbà lọ tààrà. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ̀rù yẹn náà ló sì máa jẹ́ kí ẹ tún fi ọwọ́ òsì tì í sí i. Tí èèyàn bá ń rọra lọ, ó máa ń rántí. Ìgbà tí ajá bá já lu ọ̀nà lójijì ni ọwọ́ máa ń padà sí ohun tó ti mọ̀.

Àwọn tó ń fì ni kí n kọ́kọ́ mú. Piaggio MP3, tó jáde ní ọdún 2006, ló sọ irú rẹ̀ di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀: táyà méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn apá irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ fì lẹ́ẹ̀kan náà. Yamaha gbé Tricity 125 jáde ní 2014, lẹ́yìn náà Niken ní 2018, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 847cc, tó sì lè fì tó dígírì 45. Gbogbo ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ ló ṣì wúlò lórí àwọn wọ̀nyí. Èrè wọn ni pé táyà méjì ló di ilẹ̀ mú níwájú. Tí ọ̀kan bá gun iyanrìn tàbí ọ̀dà tútù tó sì fẹ́ yọ̀, èkejì á ṣì dì í mú, ẹ sì lè tẹ bíréèkì iwájú nínú òjò láìfòyà tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúnkún ni ẹ torí ẹ̀ béèrè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti yàtọ̀. Niken àti Tricity 125 kì í dá dúró. Tí ẹ bá dúró, ẹsẹ̀ yín ni ẹ máa fi gbé e ró bí ti tẹ́lẹ̀, Niken sì wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 263. MP3 ní bọ́tìnì kan tó ń ti àwọn apá irin náà pa tí eré bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, kí ó lè dúró fúnra rẹ̀. Tricity 300 tó jáde ní 2020 náà ní ohun tó jọ ọ́. Ẹ má ṣe gbára lé bọ́tìnì yìí kí ẹ tó mọ ìwà rẹ̀. Bó bá ṣe wà nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa tì. Tó bá ti fì díẹ̀, ó máa tì ní fífì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé e dúró ṣánṣán. Kò ní kí táyà má yí, torí náà lórí òkè ẹ ní láti fa háńdì bíréèkì pẹ̀lú. Èyí tó ń gbé àwọn èèyàn ṣubú jù ni pé ìgbà tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì lépo láti lọ ló máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè níbi iná ojú ọ̀nà, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì yí epo díẹ̀ tó sì tún dá a padà, á rí i pé kò sí ohun tó gbé òun ró mọ́.

Àwọn tí kì í fì pín sí méjì pàtàkì. Àwọn kan ní táyà méjì níwájú, bíi Can-Am Spyder tí ilé iṣẹ́ BRP ti Kánádà gbé jáde ní 2007, àti àbúrò rẹ̀ Ryker. Àwọn kejì ní táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn, bíi Harley-Davidson Tri Glide àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n tún ṣe láti ara ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ̀kẹta wà, alùpùpù tí wọ́n so àga pẹ̀lú táyà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn: tí ẹ bá fún un lépo ó ń fà sápá kan, tí ẹ bá tẹ bíréèkì ó ń fà sápá kejì, tí ẹ bá sì yà sí ìhà ibi tí àga wà, àga lè gbéra nílẹ̀. N kò ní dábàá rẹ̀ fún ẹni tó ń wá ìrọ̀rùn.

Ohun tó ń mú kí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yí dà nù kò le láti ṣírò, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó náwó. Ẹ fi ojú inú wo ilà kan láti táyà kan ṣoṣo lọ sí táyà òde nínú àwọn méjì yòókù. Orí ilà yẹn ló máa gbà yí. Bí ibi tí ìwúwo kó jọ sí bá ṣe sún mọ́ táyà kan ṣoṣo yẹn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sún mọ́ ilà náà tó. Ẹ jẹ́ ká ní àlàfo àárín táyà méjèèjì jẹ́ mítà 1.2, kí ibi tí ìwúwo kó jọ sí ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀, kó sì wà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà láti táyà kan ṣoṣo lọ sí àwọn méjì. Ní kọ́ọ̀nà tó yí po bíi òbìrí tó jẹ́ mítà 20 láti àárín rẹ̀ sí etí, táyà inú á bẹ̀rẹ̀ sí gbéra ní nǹkan bíi kìlómítà 41 ní wákàtí kan. Ẹ wá di ẹrù tó gbé ìwúwo ga dé sẹ̀ǹtímítà 75: ó di 37. Tí ẹrù yẹn bá tún sún ìwúwo sí àárín gbùngbùn ọ̀nà láti táyà kan ṣoṣo lọ sí àwọn méjì, ó di 32. Lójú ọ̀nà gidi, ó máa ń dín sí i, torí ṣọ́ọ̀kì àti táyà máa ń tẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà máa ń di ilẹ̀ mú kọjá ibi wọ̀nyí, nítorí náà kì í yọ̀ kó tó yí. Yíyí ló ń yí.

Ibi tí ẹ ti ń tẹ bíréèkì ṣe pàtàkì nínú èyí. Bíréèkì máa ń ju ìwúwo síwájú. Lórí èyí tó ní táyà kan níwájú, orí táyà kan ṣoṣo yẹn ni ìwúwo ń lọ, ìyẹn ni pé ẹ ń sún un mọ́ ilà tó ń gbà yí. Ẹni tó wọ kọ́ọ̀nà pẹ̀lú eré tó pọ̀ jù, tí jìnnìjìnnì bò, tó wá di bíréèkì mú ní àárín kọ́ọ̀nà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dà á nù. Lórí èyí tó ní méjì níwájú, bíréèkì ń gbé ìwúwo lọ síbi tó fẹ̀, ó sàn jù. Wàhálà tirẹ̀ ni pé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo lè fúyẹ́ kó sì gbá yí. Ní Amẹ́ríkà, ní 1988, àwọn tó ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré tí wọ́n ń gùn nínú oko àti pápá gbà láti má tà wọ́n mọ́. Táyà kan níwájú, kúkúrú, ẹni tó gùn ún jókòó sókè, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ẹ̀yìn tí táyà méjèèjì jọ ń yí bákan náà. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ló pé síbẹ̀.

Tí táyà inú bá gbéra lẹ́sẹ̀ yín, ẹ má fa nǹkan kan tipátipá. Ẹ rọra dá hándù padà díẹ̀ kí kọ́ọ̀nà náà lè fẹ̀ sí i, ẹ rọra dín epo kù. Nígbà tó bá balẹ̀, hándù máa já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Spyder àti Ryker ní ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo èyí, tó ń gé agbára ẹ́ńjìnnì tó sì ń tẹ bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan kí ó tó dé bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ̀ kò gbọ́dọ̀ ka ẹ̀rọ yẹn sí fàájì.

Ní ti kí wọ́n tún èyí tí ẹ ní ṣe, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́, bẹ́ẹ̀ ni fífi táyà méjì sẹ́yìn nìkan kò tó. Ibi tí àwọn tó fẹ́ dín owó kù ti máa ń fò ni iwájú. Lórí alùpùpù, wọ́n ṣètò fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin méjì tó di táyà iwájú mú, kí ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí igun fọ́ọ̀kì nà dé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Èyí ló ń jẹ́ kí ó máa lọ tààrà. Nígbà tí kò bá fì mọ́, àlàfo yẹn ló ń mú kí hándù le bí òkúta. Apá á máa ro yín lẹ́yìn wákàtí kan. Ojútùú rẹ̀ ni láti pààrọ̀ àwọn àwo tó di fọ́ọ̀kì mú sókè àti nísàlẹ̀ sí èyí tó tẹ fọ́ọ̀kì síta pẹ̀lú dígírì 4 sí 6, kí àlàfo náà lè dín. Lẹ́yìn èyí, iwájú lè máa gbọ̀n ní eré kékeré, pàápàá láàárín kìlómítà 15 sí 35, nítorí náà wọ́n máa ń so ṣọ́ọ̀kì kékeré kan mọ́ hándù tó ń pa gbígbọ̀n náà. Tí ẹ bá sì fẹ́ dá alùpùpù náà padà sí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ́jọ́ kan, àwo tuntun yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, torí eléyìí á sọ ọ́ di ohun tí kò dúró lójú kan.

Lẹ́yìn, ẹ béèrè bóyá ó ní differential, ìyẹn jíà tó ń jẹ́ kí táyà òde yí ju ti inú lọ ní kọ́ọ̀nà. Láìsí i, táyà méjèèjì á máa ti ọkọ̀ lọ tààrà nígbà tí ẹ fẹ́ yà, táyà á sì tètè jẹ. Ẹ béèrè bóyá táyà kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ àbí ọ̀pá kan ló so méjèèjì. Tó bá jẹ́ ọ̀pá kan, kòtò ní ẹ̀gbẹ́ kan á gbọn gbogbo ẹ̀yìn. Bíréèkì gbọ́dọ̀ wà ní táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kí ẹ sì wádìí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì ti táyà pa kó máa yọ̀, torí wáyà tó ń ka yíyí táyà ẹ̀yìn máa kúrò níbi tó wà. Táyà ẹ̀yìn tó ga tàbí tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á jẹ́ kí aago eré parọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti ń kà á. Kílọ́ọ̀ṣì ń fa ìwúwo tí wọn ò ṣe é fún, ó máa ń jẹ kánkán. Rìfáàsì kì í ṣe àfikún fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu: ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lórí òkè. Èyí tí wọ́n fi bóòtù dè sàn ju èyí tí wọ́n jó mọ́ férémù lọ, torí ibi tí wọ́n bá jó ló máa ń là. Kí wọ́n sì tún fún gbogbo bóòtù náà lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 500 àkọ́kọ́.

Ẹ lè rí èyí tó rọrùn ju ìyẹn lọ, tí wọ́n kàn so táyà kéékèèké méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn láìyọ ti tẹ́lẹ̀. Ó dáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rì ní àárín, táyà méjì ẹ̀gbẹ́ á gbé táyà tó ń wa ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, á sì máa yí lásán.

Àwọn àṣà kéékèèké ló kù, àwọn ló sì ń fọ́ ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń yí, bó ti wù kó rọra tó. Lórí èyí tó ní méjì lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ yín gan-an. Á gun ẹsẹ̀, á sì fà á sábẹ́. Spyder àti Ryker kò ní bíréèkì ní ọwọ́ rárá: pẹ́dà kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń mú táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìka yín á na jáde lọ wá ohun tí kò sí, ìṣẹ́jú àáyá kan á sì ti lọ. Kò sí sítáńdì tí ẹ máa tì sílẹ̀, nítorí náà háńdì bíréèkì gbọ́dọ̀ di ohun tí ẹ ń fà kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, pàápàá lórí èyí tí jíà rẹ̀ jẹ́ ti fúnra rẹ̀, tí ẹ kò lè fi sínú jíà kó dì í mú.

Fífẹ̀ rẹ̀ ń tan ojú jẹ. Hándù kọjá, ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ kọjá, àṣé ẹ̀yìn fẹ̀ ju hándù lọ. Bẹ́ẹ̀ táyà ẹ̀yìn ìhà inú máa ń gba ọ̀nà tó kúrú ju ti iwájú lọ ní kọ́ọ̀nà, á sì gun etí kọnkéré. Kòtò tí ẹ máa ń yẹ̀ fún pẹ̀lú táyà méjì tó wà lójú ìlà kan, táyà mẹ́ta tó wà lójú ìlà mẹ́ta á bá a ṣáá. Ojú ọ̀nà tó ga láàárín tó sì rẹlẹ̀ létí, èyí tí alùpùpù kì í kà sí, á máa fa yín lọ síbi tó rẹlẹ̀, ẹ ó sì máa dì í mú. Tí ẹ bá ra èyí tó ní méjì níwájú, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wo bóyá táyà iwájú méjèèjì kọjú síbi kan náà; tí etí kan lára táyà bá ń jẹ ju èkejì lọ, àmì rẹ̀ nìyẹn.

Ìdánrawò: ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú tó ṣófo, tó gùn tó mítà 40, tó sì fẹ̀ tó 25. Ọjọ́ àkọ́kọ́, lílọ àti dídúró nìkan ni, ẹsẹ̀ lórí ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ títí ẹ ó fi fa háńdì bíréèkì. Lẹ́yìn náà, ẹ yí po ní òbìrí tó jẹ́ mítà 8 sí 10 láti àárín sí etí, ní kìlómítà 10 sí 15, ọ̀tún àti òsì. Ọwọ́ òde ni ẹ fi ń tì, ọwọ́ inú ni ẹ fi ń fà. Ẹ sọ ọ́ síta lẹ́nu, "ọwọ́ òde, ọwọ́ òde". Ó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́. Ara yín ló máa fẹ́ fò síta, nítorí náà ẹ gbé èjìká sí ìhà inú, ẹ fi orúnkún àti ikùn di ara yín mú, kì í ṣe hándù. Tí ẹ bá so rọ̀ mọ́ hándù, ọkọ̀ á máa rìn wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ tún tẹ bíréèkì tààrà láti 30, lẹ́yìn náà láti 50 níbi tó gùn dáadáa ju èyí lọ.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù ló kẹ́yìn. Kí ẹnì kan dúró ní ọ̀kánkán, kí ó jìnnà dáadáa, kí ẹ máa bọ̀ ní 25, kí ó wá na ọwọ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì lójijì. Kí ẹ má wọ títì títí ẹ ó fi yà síbi tó nà sí nígbà mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Kí ẹ sì gùn ún tó kìlómítà 500 kí ẹ tó gbé èrò.

Nípa ti èrò yẹn, òun náà ló yẹ kó bá yín yàn. Lórí èyí tó ní méjì lẹ́yìn, àárín táyà méjì ni èrò ń jókòó sí, ìwúwo rẹ̀ ń ṣe yín lóore. Lórí èyí tó ní méjì níwájú, nítòsí táyà kan ṣoṣo ló wà, ó sì ń dín eré tí ẹ lè bá wọ kọ́ọ̀nà kù. Nítorí náà, tí ẹ bá ń gbé èrò nígbà gbogbo, tí ẹ kì í sáré, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe pẹ̀lú méjì lẹ́yìn àti rìfáàsì ni kí ẹ mú. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ sábà máa ń gùn ún, lójú ọ̀nà tó kún fún kọ́ọ̀nà, méjì níwájú pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ yíyí ni. Lórí méjèèjì, háńdì bíréèkì wà ní fífà, ẹ lè gun ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì kọjá, ohun tí alùpùpù yín kò gbà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìwé àṣẹ tí òfin ibi tí ẹ wà béèrè, torí ó lè yàtọ̀ gan-an: lábẹ́ òfin Ilẹ̀ Yúróòpù, táyà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí àlàfo wọn kò tó mìlímítà 460 ni wọ́n kà sí táyà kan, nítorí náà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni irú rẹ̀ ṣì jẹ́ lójú òfin yẹn.

Tí ẹ ò bá fẹ́ tíì ta alùpùpù yín, ẹ gbé e síbi tí ẹ ò ti ní máa rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó ń gun méjì láàárọ̀, tó ń gun mẹ́ta nírọ̀lẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá èyí àti ìyẹn mọ̀, ọwọ́ òsì yẹn náà ló máa fi tì í.